Bíríkìlà ò lè di ilé mú: ohun tí gbèsè iṣẹ́ kan kọ́ mi l'Adó-Èkìtì

Ilé kan wà l'Adó níbí, lójú ọ̀nà Àfàò, tí mo bá ń kọjá níwájú ẹ̀ lálẹ́ tí mo rí iná nínú ẹ̀, ibi lẹ́ńtù yàrá ẹ̀yìn, kọ̀ǹkéré tó wà lórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, lọkàn mi á kọ́kọ́ lọ, torí èmi ni mo ṣe é, mo mọ iye irin tó wà nínú ẹ̀, mo mọ ọjọ́ tójò lé wa kúrò lórí ẹ̀, mo mọ lébùrà tó gbé kọ̀ǹkéré ẹ̀ gòkè tí èjìká ẹ̀ bó. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò mọ̀ mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, 2,800,000 náírà ló kù nínú owó iṣẹ́ mi lọ́wọ́ onílé.

Ẹ̀yin ará Èkìtì kete, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ yín kọ́lé fún ẹlòmíì, tìtorí yín ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Mi ò wá ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́, mi ò ní dárúkọ onílé yẹn, a ti parí ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tí wọ́n ń já sí kòtò tí mo já sí, wọ́n á ní ọ̀gá, onílé yẹn dáa, ìjọ kan náà la jọ ń lọ, wọ́n á sì gbé ṣọ́bìrì láìkọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Oṣù kẹwàá 2022 ni bàbá kan pè mí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní àbúrò òun tó wà ní Ìlú Ọba fẹ́ kọ́ bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́rin, wọ́n ti ra ilẹ̀, wọ́n ti gé búlọ́ọ̀kù pàápàá. Owó iṣẹ́ nìkan la jọ dúnàádúrà lé lórí, láti fáúńdéṣọ̀n títí dé plásítà, 6,800,000 náírà, àwọn ló máa ra sìmẹ́ńtì, irin, yanrìn àti pákó. Mo ní ṣé ká kọ ọ́ sílẹ̀ sà, bàbá yẹn wò mí bí ẹni pé mo bú wọn, wọ́n ní "Ẹnjiníà, ṣé ẹ ò gbà wá gbọ́ ni? Ṣebí ọmọ Èkìtì kan náà ni gbogbo wa." Ojú tì mí, mo tọrọ àforíjì. Ọjọ́ kejì ni 1,500,000 wọlé, mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé ẹni tó lè yára sanwó báyìí, kò lè níṣòro.

Ẹ rántí bí oṣù kejì 2023 ṣe rí, tí náírà tuntun ò sí ní bánkì, tí àwọn oní-POS ń ta owó fún wa. Lébùrà ò gba tránsífà, owó òòjọ́ yẹn ló fẹ́ fi ra oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, mo wá ń fowó ra owó kí iṣẹ́ má baà dúró. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ní 29 oṣù karùn-ún, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, owó ọkọ̀ tí méjì nínú àwọn bíríkìlà mi ń wọ̀ láti Ìlawẹ̀ gbéra sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkankan nínú ẹ̀ ò sí nínú 6.8 tá a jọ sọ. Mo pe onílé, ó dá mi lóhùn dáadáa, ó ní "ẹ máa ṣe é lọ jàre, ẹ fọkàn balẹ̀, tí mo bá dé a jọ máa ṣírò ẹ̀". Nígbà tá a fi dé lẹ́ńtù, 4,000,000 ló ti san lápapọ̀. Láti ibẹ̀ títí tá a fi parí plásítà ní oṣù kọkànlá, kọ́bọ̀ ò wọlé mọ́.

Ìyàwó mi kó owó àjọ ẹ̀ fún mi kí n fi san owó àwọn lébùrà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Kì í ṣe owó èrè ni mò ń wá kiri lẹ́yìn náà, owó obìnrin kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà ló wà nínú ògiri yẹn.

Èrò mi nígbà yẹn ni pé bí mo bá ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn síwájú, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè á ṣe máa wúwo lọ́rùn onílé, pé tó bá rí ilé tó ti parí, ojú á tì í láti má sanwó. Mo ṣì í gbọ́ pátápátá. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tí mo bá ti tò tí sìmẹ́ńtì bá ti mú un, kì í ṣe tèmi mọ́, ó ti di ti ilẹ̀, onílé ló sì nilẹ̀. Agbára tí mo ní lórí ẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, èmi rò pé ó ń pọ̀ sí i ni.

Onílé wálé ní Kérésìmesì, ó gbàdúrà fún mi níwájú àwọn ẹbí ẹ̀, ó ní ọwọ́ mi ò ní rọ, ó ní ká pàdé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè dé, ó ti wà l'Èkó, ó ń wọ bàlúù. Oṣù kìíní 2024, ó ń gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Oṣù kejì, kò gbé e mọ́.

Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín náà máa ṣe. Mo ra àgádágodo ńlá kan ní Ọjà Ọba, mo lọ tì í mọ́ géètì ilé yẹn, mo ní kò sẹ́ni tó máa wọlé títí mo máa fi gba owó mi. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àárọ̀ ni mo débẹ̀, ilẹ̀ ṣú kí n tó kúrò. Ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn bá mi sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ilé yẹn kì í ṣe tèmi, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tì í, pé tí mo bá tún débẹ̀ ó lè di ọ̀ràn sí mi lọ́rùn. Mo ní ẹ wá bá mi mú ẹni tó jẹ mí lówó nígbà náà, ó mi orí. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí àdéhùn tó bàjẹ́ nìkan, ọ̀rọ̀ kóòtù nìyẹn. Mo yọ àgádágodo mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sórí òkúta tó wà níwájú ilé yẹn fún bíi wákàtí kan, mi ò lè dìde.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ẹ gbé aṣọ fún télọ̀, ẹ ò sanwó, ṣé á fún yín láṣọ? Mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín ṣe, ẹ ò sanwó, ọkọ̀ yín á wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ títí ẹ máa fi san. Òfin tì wọ́n lẹ́yìn, ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè dì í mú. Àwa tá à ń kọ́lé ńkọ́? Ilé kì í ṣe ohun tá a lè gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Onílẹ̀ ló ni ilẹ̀, ilẹ̀ ló gbé ohun tá a kàn mọ́ ọn mì. Nínú gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́, àwa ni ohun tá a ṣe tóbi jù, àwa náà sì ni ọwọ́ wa ṣófo jù lọ́jọ́ tí ìjà bá dé.

Àárín ìdààmú yẹn ni àbúrò mi pè mí láti Amẹ́ríkà. Florida ló wà, táìlì ló ń lẹ̀, ó sábà máa ń gbaṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe ńlá kan. Mo ròyìn fún un, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Bọ̀dá mi, ká ní ibí ni, ẹ ò ní fọwọ́ kan àgádágodo rárá, lien lẹ máa gbé lé ilé yẹn." Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó lo bíi wákàtí méjì lórí WhatsApp láti ṣàlàyé fún mi, mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé mi nínú òkùnkùn mò ń gbọ́, inú mi ń dùn, inú mi tún ń bàjẹ́.

Lien yẹn, ẹ̀tọ́ ni òfin wọn fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ tàbí ohun èlò sórí ilẹ̀ ẹlòmíì, pé gbèsè yẹn á so mọ́ ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. O ò ní ti géètì, o ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, ìwé lo máa gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní kaúńtì yẹn, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni tó bá wá yẹ ìwé ilẹ̀ yẹn wò, bóyá bánkì tó fẹ́ yá onílé lówó ni o, bóyá ẹni tó fẹ́ rà á ni o, á rí i pé gbèsè oníṣẹ́ wà lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ra wàhálà, wọ́n á ní kí onílé lọ parí ẹ̀ ná. Tó bá ta kú, o lè gbé e lọ kóòtù kí kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n ta ilé yẹn san gbèsè. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ìpínlẹ̀ Maryland ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní 1791, lákòókò tí wọ́n fẹ́ kọ́ Washington, wọ́n nílò kí àwọn oníṣẹ́ lè wá ṣiṣẹ́ láìbẹ̀rù pé wọn ò ní rówó gbà. Mo rò ó títí. Ó ju igba ọdún lọ tí ẹnì kan ti rí i pé ọwọ́ bíríkìlà ṣófo.

Ṣùgbọ́n ibi tó gbà mí lọ́kàn jù ni ọjọ́. Gbogbo agbára lien yẹn, inú kàlẹ́ńdà ló wà. Ní Florida, ẹni tí kò bá onílé fúnra ẹ̀ ṣàdéhùn, bíi ti àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí onílé láàárín ọjọ́ 45 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé èmi lágbájá, mò ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yín o. Ìwé yẹn kì í ṣe ìwé ìjà, ìkíni lásán ni, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń dùn. Lẹ́yìn náà, tí owó ò bá wọlé, ọjọ́ 90 lo ní láti ọjọ́ tó o ṣiṣẹ́ kẹ́yìn láti lọ kọ lien sílẹ̀, kí o fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé láàárín ọjọ́ 15. Tó o bá ti kọ ọ́, ọdún kan ló ní láyé, tó o ò bá gbé e lọ kóòtù láàárín ọdún yẹn ó ti kú. Onílé sì lè fi ìwé kan ta kò ó tí ọdún kan yẹn á fi di ọjọ́ 60.

Àbúrò mi sọ fún mi pé kí òun tó mọ èyí, dọ́là 6,000 ló ti bọ́ lọ́wọ́ òun, torí pé ọjọ́ 52 lòun fi ìwé yẹn ránṣẹ́. Ọjọ́ méje péré. Onílé ti sanwó tiẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe ti ná an, kò sí ibi tó fẹ́ dì mú mọ́. Ìgbà kejì ló gbọ́n, ọjọ́ kejìlá lórí iṣẹ́ ló ti fi ìwé ránṣẹ́, ó fi rìsíìtì ilé ìfìwéránṣẹ́ sọ́wọ́. Agbaṣẹ́ṣe yẹn jẹ ẹ́ ní dọ́là 11,400, ó ń sọ̀la sọ̀tunla fún un, ọjọ́ 61 tó ti parí iṣẹ́ ló lọ kọ lien. Onílé fẹ́ ta ilé yẹn, ẹni tó fẹ́ rà á rí i nínú ìwé, kí oṣù yẹn tó tán wọ́n ti san gbogbo ẹ̀, òun náà sì fọwọ́ sí ìwé tó tú lien yẹn sílẹ̀.

Ó ní kí n má rò pé ó rọrùn o. Ẹni tó bá padà lọ tún táìlì kan tó sán ṣe lẹ́yìn oṣù méjì, kò lè wá sọ pé ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ òun parí kó fi fa ọjọ́ gùn, àtúnṣe kì í ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ẹni tó yẹ kó ní láísẹ́ǹsì tí kò ní, kò ní lien kankan. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bu owó lé owó, tí wọ́n jẹ ẹ́ ní mẹ́wàá tó kọ ogún, lien ẹ̀ á bàjẹ́, ọ̀ràn tó lè mú un dé ẹ̀wọ̀n sì ni. Ilé ìjọba sì rèé, èèyàn ò lè gbé lien lé e, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo onídùúró, láti 1935 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti ní kí agbaṣẹ́ṣe ńlá mú ìwé onídùúró wá pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òun máa rówó gbà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan. Onídùúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa, bàbá mi ò lè yá ẹnikẹ́ni lówó láìsí onídùúró, kí ló wá dé táwa ń kọ́ odidi ilé láìní ẹyọ kan?

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá lọ́yà. Ìyá kan ni, ọ́fíìsì wọn wà ní Ajílósùn, wọ́n ti ń ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tipẹ́. Mo débẹ̀ mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, lien ni mo fẹ́ gbé lé ilé kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ṣàlàyé pé kò sírú òfin yẹn fún oníṣẹ́ ilé ní Nàìjíríà. Kò sí ọ́fíìsì tí mo lè mú ìwé lọ kí gbèsè mi wá so mọ́ ilẹ̀ ẹni. Ohun tó wà ni pé kí n pẹjọ́, kí kóòtù dájọ́ pé wọ́n jẹ mí lówó, ìgbà náà ni mo tó lè máa lé dúkìá, ohun tó ṣeé gbé ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé ó di ìgbà tí kóòtù bá tún yọ̀ǹda ẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé a ò lè kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ilé ni onídùúró? Wọ́n ní èèyàn lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ilẹ̀ 1978, kéèyàn fi ilẹ̀ dúró fún owó gba kí Gómìnà fọwọ́ sí i, ilẹ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó múná dóko. Ilẹ̀ tí mo kọ́lé sí yẹn, rìsíìtì ẹbí tó tà á nìkan ló ní.

Wọ́n wá bi mí léèrè ohun tó yí gbogbo ẹ̀ padà: "Kí lẹ ní lọ́wọ́?" Mo ní mi ò ní nǹkan kan mà, ẹnu la fi sọ ọ́. Wọ́n ní àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni, ẹ mú fóònù yín wá. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń fọwọ́ wọ́ WhatsApp mi láti 2022 bọ̀. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ pọ̀! Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ọjọ́ lára ẹ̀. Ohùn onílé tó ń sọ pé "6.8 yẹn náà ni, mi ò gbàgbé". Bàbá yẹn náà kọ ọ́ sí mi ní oṣù kẹsàn-án pé "Ẹnjiníà, a ti rí plásítà pálọ̀, ó dára, àbúrò mi ní báláǹsì yín ń bọ̀". Wọ́n ní kí n má pa ohunkóhun rẹ́, kí n má pààrọ̀ fóònù, pé òfin ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọlé ní kóòtù, tí a bá ti ṣe ìwé ẹ̀rí tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní irú gbèsè báyìí, ọdún mẹ́fà lèèyàn ní láti fi pẹjọ́, ṣùgbọ́n kí n má fi ìyẹn sùn, torí ẹ̀rí máa ń sọnù, ẹlẹ́rìí máa ń kú.

Lẹ́tà wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn àti sí ímeèlì onílé, ọjọ́ 14 ni wọ́n fún wọn. Lọ́yà tiwọn kọ̀wé padà pé kò sí àdéhùn kankan láàárín wa. Ìyá yẹn ò bínú, wọ́n tẹ àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn jáde, ewé 37, wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn. Ohùn yí padà. A pàdé lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì ni bàbá yẹn fúnra wọn sọ níwájú gbogbo èèyàn pé òótọ́ ni, ọmọ yìí ṣiṣẹ́. A fẹnu kò sí 2,100,000, lẹ́ẹ̀mẹta, 700,000 lóṣooṣù, a kọ ọ́, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Mo gbà á pé. 700,000 tó kù, mo fi sílẹ̀, torí mo rò ó pé tí mo bá lépa ẹ̀ dé kóòtù, ọdún méjì sí mẹ́ta á lọ, owó ọkọ̀ àti owó lọ́yà á sì ti jẹ ẹ́. Àwọn kan ní mi ò yẹ kí n gbà. Èmi ní tèmi, lọ́jọ́ tí mo kó owó àjọ ìyàwó mi lé e lọ́wọ́, mo sùn.

Látìgbà náà, bí mo ṣe ń gbaṣẹ́ ti yàtọ̀, àbúrò mi ló kọ́ mi ní ìdajì ẹ̀, ìyá lọ́yà kọ́ mi ní ìyókù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé mi ò ní lien, torí náà èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ dì nǹkan mú kí ilẹ̀ tó gbé e mì. Ohun tí mi ò tíì ṣe ni ohun kan ṣoṣo tí mo lè dì mú. Nítorí náà mo pín iṣẹ́ sí ìpele, fáúńdéṣọ̀n dé D.P.C. (ibi tí a ti ń dí omi ilẹ̀ kó má gòkè sínú ògiri), D.P.C. dé lẹ́ńtù, lẹ́ńtù dé orí ilé, lẹ́yìn náà plásítà, owó ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí mo bá parí ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, mo rò pé á sá lọ. Àwọn kan sá lọ lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ẹlòmíì ló gba iṣẹ́ yẹn, mo sì gbọ́ pé orí lẹ́ńtù náà ni owó ti dá dúró fún òun náà.

Ìwé àdéhùn mi kò ju ewé méjì lọ. Orúkọ ẹni tó ni ilé gan-an wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń bá a mójú tó o nìkan, torí gbogbo ìgbà tí ìjà bá dé ni ẹ̀gbọ́n máa ń sọ pé èmi kọ́ ni mo nilé. Ó wà níbẹ̀ pé tí ọjà tàbí owó ọkọ̀ bá gbéra, a máa tún un ṣírò kí a tó wọ ìpele tó kàn. Ó wà níbẹ̀ pé tí aáwọ̀ bá dé, ẹni kẹta tí àwa méjèèjì bá gbà á máa kọ́kọ́ bá wa dá sí i, òfin tuntun lórí ìlàjà ti jáde ní 2023, ìyá lọ́yà ló ràn mí lọ́wọ́ kọ apá yẹn. Onídùúró kan tó ń gbé Èkìtì níbí, tí mo mọ ilé ẹ̀, á fọwọ́ sí i. Bí èmi bá sì ni mo ra ohun èlò, bíi ilẹ̀kùn, páànù, fèrèsé, ó wà níbẹ̀ pé tèmi ni títí wọ́n á fi sanwó ẹ̀, mi ò sì ní gbé e wá sí sáìtì ká tó sanwó ẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù léèrè, wọ́n ti mọ èyí tipẹ́, férémù ni wọ́n á kọ́kọ́ kàn, gíláàsì á wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo tún ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ohun tá a ṣe sí lójoojúmọ́, iye lébùrà, iye àpò sìmẹ́ńtì tó wọlé, òjò tó rọ̀. Tí ìpele kan bá parí, mo máa ní kí aṣojú onílé wá wò ó, kó kọ "mo ti rí i, ó dára", kó fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́. Ìkíni lásán ni, bíi ti ọjọ́ 45 Florida yẹn. Nígbà tí inú gbogbo èèyàn bá ṣì ń dùn ni mo máa ń gba àwọn ìwé wọ̀nyí, torí lọ́jọ́ tí inú bá ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa fún ọ.

Iṣẹ́ ìjọba, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀ torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é, lábẹ́ ẹlòmíì. Ẹni tó bá ń ṣe ti ìjọba àpapọ̀ kó lọ ka òfin rira ọjà àti gbígbé iṣẹ́ jáde ti 2007, ó sọ níbẹ̀ pé owó tó bá ti kọjá ọjọ́ 60 lẹ́yìn tó o fi ìwé owó sílẹ̀, owó tó pẹ́ ni wọ́n ń pè é, èlé sì tọ́ sí ọ lórí ẹ̀ tó bá wà nínú àdéhùn rẹ. Kọ ọjọ́ tó o fi ìwé yẹn sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìẹ.

Mo sì máa ń bi ara mi pé kí ló dé tí àwọn aṣòfin wa ò lè ṣe irú lien yìí fún wa. Èkìtì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiẹ̀ l'Adó níbí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ti wà, kóòtù ti wà, ohun tó kù ni ìlà kan nínú ìwé pé gbèsè oníṣẹ́ so mọ́ ilé tó kọ́. Ẹgbẹ́ bíríkìlà, ẹgbẹ́ kápẹ́ńtà, ẹgbẹ́ oní-wáyà, gbogbo wa là ń ṣe mítìn lóṣooṣù, a máa ń dáwó ìsìnkú, a máa ń dáwó ìgbéyàwó. Mo ti gbé e kalẹ̀ ní mítìn tiwa ní oṣù tó kọjá, àwọn àgbà ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè mú un lọ bá aṣojú wa. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan tó kàwé la jọ ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, Ìkéré ni mo wà, ilé alájà kan, a ti dé lẹ́ńtù. Owó ìpele tó kàn ò wọlé lọ́jọ́ tá a dá, mo dá iṣẹ́ dúró, mo kó férémù àti pákó mi padà sílé. Onílé bínú, ó ní mo dójú ti òun lójú àdúgbò. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ má bínú sà, inú ìwé wa ló wà, ojú ewé kejì. Ọjọ́ kọkàndínlógún, agogo mẹ́jọ alẹ́, fóònù mi dún, àláàtì ni. Mo pe àwọn bíríkìlà mi lóru yẹn, aago méje àárọ̀ a ti wà lórí àkàbà.